Ìbọn Ẹyẹ Tí Bàbá Oníbáìsì Gbé Lọ sí Ọ̀yọ́

Ọjọ́ kẹrin tí a sin Bàbá ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó ẹrù wọn. Orí maṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sóko, ẹsẹ̀ àga onírin, kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan tí mi ò mọ ọmọ tó ṣì lè gùn ún. Èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Òkè-Ẹlẹ́rìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mò ń dá wọn lóhùn. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, a ò mọ̀ pé wọ́n máa lọ báyìí, a máa bá yín wá ẹlòmíì tó máa parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo tò yẹn kò wúlò fún ẹnì kankan. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá iṣẹ́ ni Bàbá ti tún ṣe tán. Wọ́n ti so páálí pélébé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi bírò kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i, wọ́n sì kọ ohun tó ṣe é sábẹ́ orúkọ. Lára ti ìyá aránṣọ kan tó ti ń pariwo kiri àdúgbò pé maṣíìnì òun ti kú, ohun tí wọ́n kọ ni: "Kò kú. Ẹ kì í fún un lépo ni."

Bàbá mi àgbà nìyẹn. Bàbá Oníbáìsì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí báìsì ńlá kan tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ wọn, irin ẹlẹ́nu méjì tó máa ń di nǹkan mú gírígírí kí wọ́n tó gé e tàbí kí wọ́n fá a. Báìsì náà ju bàbá tó bí mi lọ́jọ́ orí. Bàbá àgbà kọ́ ló rà á. Bàbá wọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ọ̀yọ́ ló ni ín, kó tó di tiwọn. Àbúrò wọn kan ṣoṣo, Bàbá Ràmónì tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọ̀yọ́, ṣì ń gbé ilé bàbá wọn níbẹ̀. Bàbá Ọ̀yọ́ kò tẹ ilé wa rí. Wọn ò wá síbi ìgbéyàwó bàbá mi, wọn ò wá síbi ìkómọjáde mi. Tí a bá béèrè, Bàbá á ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àbúrò àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dàgbà dáadáa, ohun kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí wọ́n fi ń gbàdúrà lẹ́yìn oúnjẹ: kí Ràmónì wọ ilé àwọn, kó jókòó, kó mu omi, kí àwọn tó kú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe rí, kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Bàbá kì í gba nǹkan gígùn lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n má gbé e sójú. Páìpù omi, igi ìgbálẹ̀, irin wíńdò, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa ń nà síbi ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n á di ojú òsì, tí wọ́n á fi ojú ọ̀tún tọ gígùn rẹ̀ lọ títí dé òpin. Lọ́jọ́ kan, ní Tákíè, mo tẹ̀ lé wọn lọ ra ìrèké. Wọ́n gbé ọ̀pá kìíní sójú, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n gbé ìkejì, wọ́n gbé ìkẹta. Nígbà tó di ìkeje, ọkùnrin tó ń ta ìrèké pa ọ̀bẹ dé, ó bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí ẹ fẹ́ fi kọ́lé?" Ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Bàbá kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ìkẹjọ, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Èyí ni mo fẹ́ jẹ."

Ìyàwó wọn, Màmá, tí wọ́n bí sínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nìkan ló máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára. Tí Bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pẹpẹ ilé ìdáná nítorí pé ó fì díẹ̀ sápá òsì, Màmá á ká ìró sókè díẹ̀, wọ́n á nàka sí ẹsẹ̀ ara wọn tó tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n á ní, "Ẹsẹ̀ mi wọ́. O rí i, o sì fẹ́ mi."

Ìjà Bàbá pẹ̀lú èèyàn kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá jà máa ń pẹ́. Ọkùnrin olówó kan nínú ìjọ ra àga gbọọrọ tuntun fún ilé ìjọsìn. Ọjọ́ ìyàsímímọ́ pé, àlùfáà ń gbàdúrà, gbogbo èèyàn di ojú. Èmi la ojú torí mo mọ Bàbá. Díákónì ni wọ́n o, iwájú ni wọ́n kúnlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé àgbọ̀n lé orí àga, wọ́n ń fi ojú kan tọ gígùn rẹ̀ lọ. Bí a ṣe ṣe àmín, wọ́n dìde, wọ́n ní àga ìkẹta kò tọ́, ó máa máa dun àwọn àgbàlagbà nídìí. Ọkùnrin yẹn kò kí wọn fún odindi ọdún kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Bàbá gbé irinṣẹ́ lọ, wọ́n fá àga náà títí tó fi jókòó dáadáa, wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lọ bá ọkùnrin náà parí ìjà, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. "Mi ò bá a jà, Àjíkẹ́. Mo kàn sọ ohun tí mo rí ni." Mo rò pé ọkùnrin tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn kò lè ní nǹkan kan lọ́kàn tí kò tíì sọ. Mi ò mọ nǹkan kan nígbà yẹn.

Iṣẹ́ wọn ni kẹ́ ẹ rí. Wọ́n máa ń tẹ́ aṣọ funfun kan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ tú ni wọ́n máa ń gbé sí ọwọ́ òsì, èyí tó tẹ̀ lé e á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí dé ọwọ́ ọ̀tún, kódà bó ṣe nọ́ọ̀tù tí kò tó ẹ̀wà kan. Ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ gba orí aṣọ yẹn kọjá. Adìẹ kan gbabẹ̀ kọjá rí, Màmá sì ní látọjọ́ náà adìẹ ọ̀hún ò gbádùn mọ́. Tí bóòtù bá ti dípẹtà, wọn kì í gbá a ní òòlù. Wọ́n á rọ àdín sí i, wọ́n á kí i pé ó dàárọ̀, wọ́n á lọ jókòó. Èmi kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, inú sì máa ń tètè bí mi. Mo gbé bìlẹ́ńdà mi wá nígbà kan, mo ń fi gbogbo agbára lọ́ ìdí rẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́, wọ́n ní, "Tó o bá fipá mú un, o ò ní mọ ohun tó ń ṣe é láéláé."

Nínú gbogbo ohun tí irin wà lára rẹ̀, ẹyọ kan ni wọn kì í fọwọ́ kàn. Ìbọn ẹyẹ ni, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ yin ọta wẹ́wẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣọ́ ìrẹsì àti àgbàdo lọ́wọ́ ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́. Láti Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti ń gbé e wá, láti Ìrẹsà náà sì ni. Bàbá á kí wọn, wọ́n á fún wọn lómi, wọ́n á sì dá ìbọn padà fún wọn nínú àpò rẹ̀ láìtú u. Àwọn kan sọ pé nítorí ìjọ ni. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti búra. Àgbẹ̀ kan láti Ìrẹsà wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Bàbá, ẹ ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹ ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe, ìbọn ẹyẹ lásán ni ẹ wá ń sọ pé ẹ ò lè tún ṣe?" Bàbá dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Mo lè tún un ṣe. Mi ò kàn lè fọwọ́ kàn án ni."

Lẹ́yìn náà ni ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Dókítà sọ pé ọkàn wọn ti ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, kí wọ́n máa rọra ṣe. Wọ́n délé, wọ́n rọra ṣe fún ọjọ́ méjì, wọ́n wá pè mí lórí fóònù. Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń gbé nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí agboolé tiwọn. Mo máa ń yà kí Bàbá Ọ̀yọ́. Igbá ni Bàbá Ọ̀yọ́ ń fín, ọwọ́ wọn sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè jókòó tì wọ́n láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n máa ń béèrè Màmá, wọ́n máa ń béèrè bàbá mi, wọ́n máa ń béèrè ajá wa pàápàá. Wọn kì í béèrè Bàbá.

Bàbá sọ lórí fóònù pé, "Àjíkẹ́, ìbọn ẹyẹ bàbá wa wà lọ́dọ̀ Ràmónì. Lọ bá mi gbà á." Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ náà, ọ̀bẹ tí Bàbá Ọ̀yọ́ fi ń fín igbá dúró. Wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ títí mo fi rò pé wọ́n ti sùn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gbé nǹkan gígùn kan dání tí wọ́n fi àpò ìrẹsì wé. Wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé ó ṣì wọ́."

Mo jẹ́ iṣẹ́ yẹn náà bó ṣe rí. Bàbá tú àpò náà lórí itan wọn. Ìbọn ògbólógbòó kan ni, igi ìdí rẹ̀ dúdú, ọ̀pá irin iwájú rẹ̀ sì tẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tí kò ní rí i. Bàbá kò gbé e sójú. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nìyẹn, torí mi ò rí i rí kí wọ́n gba nǹkan gígùn kí wọ́n má wò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi.

Bí wọ́n ṣe ń lo irú ìbọn yẹn rèé. Wọ́n máa ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ láti ìdí, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ orúnkún. Ọ̀pá náà á ti sípíríǹgì líle kan tó wà nínú ikùn ìbọn sẹ́yìn, wọ́n á fi ọta sí i, wọ́n á nà án padà, wọ́n á wá fi ìka fa ohun tó ń yìn ín. Tí èèyàn bá fà á nígbà tí ọ̀pá ṣì wà nísàlẹ̀, sípíríǹgì á ta padà lójijì, ọ̀pá á sì fò sókè fúnra rẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá, á wọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Bàbá nígbà yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn wá kí wọn, Bàbá wá ṣẹ́ ọ̀pá wálẹ̀, wọ́n fà á, kí àwọn ẹgbẹ́ wọn lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó dún. Nígbà tí bàbá wọn ti mọ́ṣáláṣí dé, tó rí ìbọn, tó béèrè níwájú gbogbo ilé pé ta ló ṣe é, Bàbá ní, "Ràmónì ló gbé e wálé láti oko."

"Òótọ́ ni," Bàbá sọ fún mi. "Òun ló gbé e wálé. Kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀, Àjíkẹ́. Ohun tó burú nínú ẹ̀ gan-an nìyẹn."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ràmónì, òun ló sì fẹ́ràn iṣẹ́ bàbá wọn. Ó lè tú ìdí kẹ̀kẹ́ kó sì tò ó padà láìwojú ẹnikẹ́ni. Bàbá mi àgbà ní tàwọn, àwọn ò fẹ́ràn gírísì. Ṣùgbọ́n bàbá wọn búra lọ́jọ́ náà pé ẹni tó ba ìbọn òun jẹ́ kò ní fọwọ́ kan irinṣẹ́ òun mọ́. Ó mú Ràmónì lọ sọ́dọ̀ afíngbá kan láti kọ́ṣẹ́. Ó gbé báìsì fún ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó ṣe, Bàbá gbé báìsì náà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fẹ́ Màmá, wọ́n ṣe ìrìbọmi, wọ́n di ẹni tí wọ́n dà. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ bàbá rẹ, tí mo fi rán ọ níwèé, iṣẹ́ Ràmónì ni. Mo jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ tí wọ́n rì mí bọmi. Mi ò jẹ́wọ́ fún Ràmónì."

Mo wo ọwọ́ wọn, ọwọ́ tí mo ti ń yangàn nípa rẹ̀ láti kékeré, inú mi bàjẹ́, inú sì bí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí Ìrẹsà.

Àgbẹ̀ tó wá lẹ́ẹ̀mẹta yẹn ni a lọ bá. Ìbọn tiẹ̀ àti èyí jọ jẹ́ irú kan náà, ikán ti jẹ igi ìdí rẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ ṣì dára. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ pé Bàbá Oníbáìsì ló wá tọrọ ọ̀pá ìbọn ẹyẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá dúró kí ó rẹ́rìn-ín tán. Wọ́n bá a tún ẹ̀rọ ìfín-oògùn rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa gbé ọ̀pá lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, nínú yàrá iṣẹ́ ní ilé. Wọ́n kọ́kọ́ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti inú ọ̀pá méjèèjì kọjá, kó dá wọn lójú pé kò sí ọta nínú wọn. Wọ́n gé awọ sálúbàtà àtijọ́ méjì, wọ́n fi tẹ́ ẹnu báìsì kí irin má baà ha irin. Mo ní kí n bá wọn ṣe é, wọ́n ní rárá. Bóòtù tó so ọ̀pá mọ́ ìdí kò mì rárá, ó ti wà níbẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún. Wọ́n rọ àdín sí i, wọ́n kí i pé ó dàárọ̀, a lọ jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ó yí. Wọ́n tú u, wọ́n to gbogbo ẹ̀ sórí aṣọ funfun: bóòtù, wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, òrùka irin pẹlẹbẹ tó ń wà lápá ọ̀tún àti òsì, apá irin tó ń ti sípíríǹgì. Òrùka awọ kékeré tó ń dí afẹ́fẹ́ ní ìdí ọ̀pá ti gbẹ. Wọ́n gé òmíràn lára bàtà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú epo. Wọ́n fá ìdí ọ̀pá tuntun díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dán an wò, wọ́n tún ń fá a, títí ó fi wọ àyè rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tò ó tán, ó dára lójú mi. Wọ́n fi ìka méjì mi ọ̀pá náà sọ́tùn-ún sósì. Ó mì, ṣùgbọ́n mímì náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè fi ojú rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo ẹ̀. Mo pariwo. Mo ní, "Bàbá, ta ló máa rí i?"

"Ràmónì máa rí i."

Wọ́n gé wáṣà òsì tuntun láti ara agolo mílíìkì, wọ́n fá a, wọ́n tún un tò. Ó dúró. Wọ́n ní kí èmi yìn ín, torí àwọn ò ní fi ìka fà á mọ́ láyé àwọn. Mo lẹ ìdérí agolo mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo yin ọta márùn-ún, márààrún bà á sí ibì kan náà. Bàbá gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sójú fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n wò ó lọ títí dé òpin.

Màmá kò fara mọ́ èyí tó kù, pé kí Bàbá fúnra wọn lọ bẹ Bàbá Ọ̀yọ́. Wọ́n ní kí Bàbá rán àwọn àgbà ìjọ lọ, kí Bàbá rán bàbá mi, kí wọ́n bá wọn bẹ̀ ẹ́, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń rí ẹ̀gbọ́n tó lọ fúnra rẹ̀ bẹ àbúrò. Bàbá ń nu ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Mi ò rán ẹnì kankan lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n yàn, nítorí ọjọ́ yẹn ni ilé máa ń pé. Wọ́n ní níwájú gbogbo ilé ni ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu àwọn. Mo fi mọ́tò mi gbé wọn, wọ́n gbé ìbọn lé itan nínú àpò ìrẹsì yẹn kan náà títí a fi dé Ọ̀yọ́. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ti kí ìrun Alásàrí tán nígbà tí a wọ agboolé. Bàbá Ọ̀yọ́ jókòó lórí àpótí, wọ́n ń fín igbá. Àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọmọ ọmọ, wọ́n tó ogún. Bàbá Ọ̀yọ́ rí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n fẹ́ dìde láti dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Má dìde, Ràmónì," Bàbá sọ. Wọ́n yíjú sí gbogbo ilé. "Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi. Lọ́jọ́ tí ìbọn bàbá wa wọ́, èmi ni mo fà á. Ràmónì kò sí níbẹ̀. Bàbá béèrè, mo sì sọ̀rọ̀ lọ́nà tí wọ́n á fi rò pé òun ni. Mo gba iṣẹ́ rẹ̀, mo gba báìsì tó yẹ kó jẹ́ tiẹ̀. Mo ti tún ìbọn ṣe. Èyí tó kù, mi ò lè dá a tún ṣe."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìbọn sílẹ̀ níwájú àpótí. Lẹ́yìn náà, Bàbá mi àgbà, díákónì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò wọn, àyà nílẹ̀, ojú nílẹ̀. Ìyàwó ilé kan kígbe pé, "Yéè! Ẹ gbé wọn dìde! Èèwọ̀ ni!" Igbá bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀yọ́. Wọn ò lè máa jókòó kí ẹ̀gbọ́n wọn wà nílẹ̀, wọ́n ju ara wọn sílẹ̀, àwọn náà dọ̀bálẹ̀. Orí sí orí ni àgbà méjèèjì wà. Kò sẹ́ni tó lè dúró lé wọn lórí, gbogbo ilé bá kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n."

"O ò tíì dá mi lóhùn."

"Ẹ dìde ná, kí n tó dá yín lóhùn."

"Ìwọ dìde."

"Kí èmi dìde, kí ẹ̀yin wà nílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

Eruku ti wà nínú irùngbọ̀n Bàbá Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́. "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Orí igi máńgòrò ni mo wà. Mo rí yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún bàbá?"

"Ẹ̀yin lẹ ti sọ̀rọ̀. Ṣé kí n wá pe ẹ̀gbọ́n mi ní onírọ́ lójú bàbá wa ni?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo ti dárí jì yín láti ọjọ́ tí a sin bàbá. Ẹ wá, mo ń wo ẹnu yín, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo ní, ó dáa, wọ́n á sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Mo ní wọ́n á sọ ọ́ ní ogójì ọjọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Bàbá bú sẹ́kún. Mi ò rí i rí. Èmi náà ń sunkún, gbogbo ilé ń sunkún, àwọn àgbà méjì ṣì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ dìde nínú wọn, orúnkún wọn ò sì lè gbé wọn dìde bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́. Ìgbà yẹn ni ohùn olùkọ́ jáde lẹ́nu mi. Mo ní kí ọmọ méjì di Bàbá Ọ̀yọ́ mú, kí méjì di Bàbá mú, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, a gbé wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà tí wọ́n jókòó, Bàbá Ọ̀yọ́ gbé ìbọn. Wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá wálẹ̀, wọ́n nà án, wọ́n gbé e sójú, wọ́n fi ìka méjì mì ín. Wọ́n ní, "Wáṣà òsì kì í ṣe tiẹ̀." Bàbá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n jókòó, Màmá gbé omi fún wọn, wọ́n mu ún tán, wọ́n tún bù sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ yàrá iṣẹ́, wọ́n dúró ti báìsì, wọ́n fọwọ́ pa á lára. Orí maṣíìnì kan wà níbẹ̀. Bàbá Ọ̀yọ́ ló tú u, Bàbá ló ń na irinṣẹ́ sí wọn bí ọmọ iṣẹ́, láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun. Oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Nínú oṣù karùn-ún, Bàbá sùn lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọn ò jí. Inú ń bí mi sí ọgọ́ta ọdún yẹn títí di òní. Ẹnu sì ń yà mí sí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn títí di òní, mi ò sì rò pé mo máa rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ mọ́.

Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ilé ìjọsìn. Díákónì kan sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, bàbá mi ka ìwé ojú ìwé mẹ́ta. Àlùfáà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì kù nínú ẹbí. Bàbá Ọ̀yọ́ dìde láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú fìlà funfun àti tẹ̀súbáà wọn. Wọn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Wọ́n rìn dé iwájú, wọ́n kọjú sí gbogbo wa.

"Àbúrò wọn ni mí," wọ́n sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, wọ́n sì bẹ̀ mí."

Wọ́n padà lọ jókòó.